Ta ló pa bàbá inú Good Times?

Obìnrin kan dúró ní ilé ìdáná rẹ̀. Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ti ń túká lọ sílé. Láti ìgbà tí ìròyìn ikú ọkọ rẹ̀ ti dé, omijé kò tíì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àlejò, ó ń bu oúnjẹ fún wọn, ó ń palẹ̀ àwo mọ́, títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí ikú náà kò dùn. Ó wá gbé abọ́ gíláàsì ńlá kan. Ó dì í mú díẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá. Ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ kì í sọ lójú ọmọ. Ìgbà náà ni ẹkún tó gbé e, tí àwọn ọmọ wá dì mọ́ ọn.

Eré àwàdà ni mo ń sọ yìí o. Good Times ni wọ́n ń pè é, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ló gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 sì ni wọ́n fi ibi tí mo ròyìn yìí hàn. Àbúrò mi obìnrin rí gígé fídíò rẹ̀ lórí fóònù, ló bá fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní àwàdà ni èyí? Kí ló pa ọkọ rẹ̀? Ṣebí bàbá yìí náà ló ni ilé oúnjẹ nínú Coming to America?"

Òun náà ni. John Amos ni orúkọ rẹ̀, òun ló ṣe bàbá Lisa tí Akeem ń fẹ́ nínú fíìmù yẹn. Ìbéèrè àbúrò mi sì bá ọkàn mi mu, nítorí èmi náà ti wo eré yìí títí tí orí mi fi dàrú. Bàbá kú láìṣàìsàn. Ìyá ní ọkọ mìíràn, ó kúrò nílé, ó padà wálé, ọkọ kejì sì pòórá bí ẹni pé wọn kò fẹ́ra wọn rí. Ẹni tó bá ń wá ìdáhùn nínú ìtàn náà kò ní rí i. Ìjà ló wà lẹ́yìn kámẹ́rà, ìjà lórí irú ìdílé tálákà aláwọ̀ dúdú tí ó yẹ kí gbogbo Amẹ́ríkà rí nínú tẹlifíṣọ̀n wọn. Ìjà yẹn ló pa James Evans, bàbá inú eré náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 1971, ọkùnrin olóòtú eré kan tó ń jẹ́ Norman Lear gbé All in the Family jáde, ìtàn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun kan ní New York, Archie Bunker, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lórí àwọn ènìyàn dúdú, àwọn Júù, àti ẹnikẹ́ni tí kò bá jọ ọ́. Ìyàwó Archie ní ẹ̀gbọ́n kan láti inú ẹbí, Maude. Àwọn òǹwòran fẹ́ràn Maude, nítorí náà wọ́n fún òun náà ní eré tirẹ̀ ní 1972. Maude gba ọmọ-ọ̀dọ̀ kan, Florida Evans, obìnrin dúdú tí kì í gbẹ̀rù bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn òǹwòran tún fẹ́ràn Florida. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1974, Florida náà ní eré tirẹ̀, ìyẹn Good Times. Tí a bá kà á bí a ṣe ń ka ìran, All in the Family ni ìyá àgbà, Maude ni ìyá, Good Times ni ọmọ. Kódà ìyá àgbà yẹn ní orírun ní òkè òkun: eré BBC kan, Till Death Us Do Part, ni Lear gbé tirẹ̀ kà. Bí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ẹni kékeré kan nínú eré bá gbayì, wọ́n á já a bí ọ̀mùnú ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ gbìn ín síbòmíràn.

Ibi tí wọ́n ti ń tún un gbìn ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti wọlé. Nínú Maude, ìpínlẹ̀ New York ni Florida ń gbé, Henry ni ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, òṣìṣẹ́ panápaná sì ni. Nínú Good Times, Chicago ni wọ́n wà, James ni ọkọ ń jẹ́, kò sì ní iṣẹ́ kan gbòógì. Òṣèré kan náà, John Amos, ló ṣe Henry, òun náà ló ṣe James. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ bí wọ́n ṣe kó láti New York, bẹ́ẹ̀ ni Florida kò dárúkọ Maude mọ́. Ẹ má wulẹ̀ wá apá ibi tí wọ́n ti kó ẹrù, kò sí i. Ìdí rẹ̀ kò le: òṣìṣẹ́ panápaná ń gba owó oṣù, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ iwájú. Ìtàn tuntun yìí fẹ́ ọkùnrin tó ń jí ní òwúrọ̀ tí kò mọ ibi tí iṣẹ́ òní yóò ti wá. Wọ́n mú ojú méjèèjì àti orúkọ Florida, wọ́n ju ìyókù nù.

Ọjọ́ orí náà kò bára mu. Esther Rolle tó ṣe Florida, ọdún 1920 ni wọ́n bí i. John Amos, ọkọ rẹ̀ nínú eré, ọdún 1939. Jimmie Walker tó ṣe J.J., àkọ́bí wọn, ọdún 1947. Ìyàwó fi ọdún mọ́kàndínlógún ju ọkọ lọ, bàbá sì fi ọdún méje àti ààbọ̀ péré ju ọmọ rẹ̀ lọ! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní J.J. jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí ẹni tó ń ṣe é ti pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí Rolle àti Amos ṣe ń sọ̀rọ̀ síra wọn nínú ilé yẹn, tí wọ́n ń ṣeré ìfẹ́, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń parí ìjà, ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Mo ti rí tọkọtaya gidi tí wọn kò jọ tọkọtaya tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń ru ojú àwa tí a wà nílé sókè jù ni ilé tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ní tálákà ni wọ́n, àmọ́ òkè kẹtàdínlógún ni yàrá wọn wà, 17C, nínú ilé gíga tó ní lífítì, wọ́n ní fíríìjì, wọ́n ní sítóòfù. Ní Èkó, ẹni tó bá ń gbé òkè kẹtàdínlógún kì í ṣe ẹni tí à ń bá káàánú owó ilé. Ṣùgbọ́n irú ilé yẹn ní Chicago, ilé ìjọba ni, ohun tí wọ́n ń pè ní projects. Ìjọba kọ́ wọn fún àwọn tí owó wọn kò ká ilé aládàáni, wọ́n kọ́ wọn lọ sókè kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gba orí ilẹ̀ kékeré, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn dúdú jọ síbẹ̀ ní ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni owó àtúnṣe dẹ́kun. Lífítì bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ẹ wo ohun tí òkè kẹtàdínlógún túmọ̀ sí fún obìnrin tó ru ẹrù ọjà nígbà tí lífítì kò ṣiṣẹ́.

Àwòrán ilé tí wọ́n máa ń fi hàn nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Cabrini-Green ni, àdúgbò kan gidi ní apá àríwá Chicago, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn inú eré kì í dárúkọ rẹ̀. Eric Monte, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ìtàn yìí sílẹ̀, ibẹ̀ ló gbé dàgbà. Ìkejì rẹ̀ ni Mike Evans, òṣèré tó ṣe Lionel nínú All in the Family. Ẹ sì rí i pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fún ọmọ tó kéré jù nínú ilé náà, Michael Evans. Ènìyàn dúdú ni àwọn méjèèjì, Lear tó ni iléeṣẹ́ sì jẹ́ Júù aláwọ̀ funfun. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní ti Cabrini-Green, wọ́n ti wó ilé gíga tó kù níbẹ̀ gbẹ̀yìn ní 2011.

Owó ilé náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti 1969, òfin kan wà tí wọ́n fi orúkọ Edward Brooke pè, ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí àwọn olùdìbò fúnra wọn yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Òfin náà ní nígbà náà pé owó tí ayálégbé ilé ìjọba ń san kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tó ń rí 400 dọ́là lóṣù kò ní san ju 100 lọ. Àánú ńlá ni. Àmọ́ tí iṣẹ́ kan bá yọ, tí owó rẹ̀ di 600, owó ilé náà lè gun òkè dé 150. Bí ènìyàn ṣe ń gun àkàbà ni ilẹ̀ ń bá a gòkè. Tí owó náà bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n lè ní kó jáde pátápátá. Nítorí náà, tí ẹ bá rí James tí inú rẹ̀ dùn pé òun ríṣẹ́, tí ojú Florida sì kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Ó ń ṣírò ni.

Àkókò náà gan-an le. Ogun Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ti jẹ́ kí epo rọ̀bì gbówó lórí láti ìparí 1973, owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san fún iṣẹ́ wákàtí kan jẹ́ 2 dọ́là ní 1974, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún 1975, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, mẹ́sàn-án ni kò ríṣẹ́. Ti àwọn ènìyàn dúdú burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo apá àkọ́kọ́ eré náà: James yege nínú ìdánwò láti wọ ètò ìkọ́ṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, gbogbo ilé ti ń jó. Ó lọ, wọ́n ní ó ti dàgbà jù. Kò rẹ́ni bá jà, nítorí òfin ni. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, owó ilé dé, kò sówó, wọ́n fẹ́ kó ẹrù wọn síta. James mú ọ̀pá sínúkà rẹ̀, ó lọ fi ta tẹ́tẹ́ kó lè rówó náà, bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ owó tẹ́tẹ́ létí. Ní ọjọ́ mìíràn, ìyá àgbà kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn gbé oúnjẹ tó fi ẹran sè wá síbi àsè, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé oúnjẹ ajá inú agolo ló fi sè é, nítorí òun ni owó rẹ̀ ká. Ẹ̀rín ń sọ, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun ti ń dí.

Ẹ̀rín yẹn náà nílò àlàyé, torí àwọn ọmọ òde òní rò pé ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ lásán. Ní Los Angeles ni wọ́n ti ń ya eré yìí, nínú gbọ̀ngàn tó ní àga fún òǹwòran, àwọn ènìyàn á wọlé, wọ́n á jókòó, àwọn òṣèré á ṣe é níwájú wọn bí ẹni ń ṣe tíátà. Ìdí nìyẹn tí òṣèré fi máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan, ó ń dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Ohun tí ẹ ó sì kíyèsí ni pé ẹ̀rín yẹn ní agbára. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín fún jù lónìí, òun ni àwọn òǹkọ̀wé yóò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún lọ́la.

A ti dé ibi tí mo ń lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìtàn Good Times wá fún Esther Rolle, ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ ni wọ́n kọ, kò sí bàbá nílé. Rolle kọ̀. Ó ní bí kò bá sí ọkọ, tí kò bá sí bàbá fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, òun kò ṣe é. Bóyá ẹ ó ní kí ló kan òṣèré, ṣebí ohun tí wọ́n kọ ló yẹ kó ṣe. Àmọ́ ní 1965, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Daniel Patrick Moynihan, ti kọ ìròyìn kan tó ka àìsí bàbá nílé mọ́ olórí ìṣòro àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì rọlẹ̀. Rolle mọ̀ pé tí tẹlifíṣọ̀n bá tún fi ilé aláìníbàbá hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí kò mọ ènìyàn dúdú kan rí yóò ní, "Àbí ẹ rí i?" Òun fúnra rẹ̀, ilé tó kún ló ti wá: ọmọ méjìdínlógún ni àwọn òbí rẹ̀ bí, wọ́n wá láti erékùṣù Bahamas sí ìpínlẹ̀ Florida, bàbá sì wà nílé. Wọ́n gbà fún un. Báyìí ni James Evans ṣe wọ inú eré: obìnrin kan ló fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ kó tó rí ìjókòó nídìí tábìlì yẹn.

Sáà àkọ́kọ́ àti ìkejì fi hàn pé ó tọ̀nà. James máa ń pariwo, ó máa ń na ọwọ́ sí ìgbànú tí ọmọ bá ṣe àìda, ó máa ń fi ojú àánú wo ìyàwó rẹ̀ nígbà tí kò bá rówó mú wálé. Thelma, ọmọbìnrin ilé, ní làákàyè. Michael, tó kéré jù, ni ọmọ tí mo fẹ́ràn jù. Nígbà kan, ilé ẹ̀kọ́ lé e sílé nítorí ó ní George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́, jẹ́ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó ń ra ẹrú. Bàbá rẹ̀ ti fẹ́ tú ìgbànú nídìí. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde láàárín bàbá àti ọmọ lórí ìtàn àti òótọ́, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní sáà kejì, ìyẹn 1974 sí 1975, eré náà ṣe ipò keje nínú gbogbo eré tí Amẹ́ríkà ń wò.

Àmọ́ J.J. ló ń gba ẹ̀rín. Ọmọ gíga tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ya àwòrán, ó ń dé fìlà, ó ń yí ojú. Olùdarí eré, John Rich, ní kó máa ké ọ̀rọ̀ kan, "Dy-no-mite!", ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbọ̀ngàn á gbiná. Wọ́n tẹ ojú rẹ̀ sára aṣọ, wọ́n ṣe bèbí tó jọ ọ́, àwọn ọmọdé ń ké e ní ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òǹkọ̀wé bá ń kọ ti J.J. sí i, ti Michael àti Thelma ń dín kù, ti James ń dín kù. Rolle kò pa á mọ́ra. Ní 1975, ó sọ fún ìwé ìròyìn Ebony pé wọ́n ti sọ ọmọ náà di ẹni tí kì í ṣiṣẹ́, tí kì í ronú, wọ́n sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ dúdú. Amos náà ń sọ ọ́ nínú iṣẹ́: àwọn ọmọ méjì mìíràn wà tí ọ̀kan fẹ́ di dókítà, tí ìkejì fẹ́ di adájọ́, kí ló dé tí fìlà J.J. ni a ń kọ ìtàn lé lórí? Jimmie Walker fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó yẹ kí a bínú sí. Aláwàdà ni, wọ́n ní kó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀gá ní Amos ń da ilé rú. Òun náà gbà nígbà tó dàgbà pé òun kò mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Lẹ́yìn sáà kẹta, ní 1976, ìpè wọlé láti ọ̀dọ̀ Lear: wọn kò ní sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Tí òṣèré bá lọ, ọ̀nà méjì ló wà fún ìtàn: kí wọ́n fi òṣèré mìíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹni inú ìtàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n yan kí James kú. Àwọn Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n sì ṣe pa á ló dùn mí jù. James ti ríṣẹ́ nígbẹ̀yìn, ní gáréèjì kan ní Mississippi, iṣẹ́ tó lè mú gbogbo wọn kúrò ní 17C. Ó ti lọ síwájú. Ẹrù ti wà nínú páálí, àwọn aládùúgbò ti péjọ láti dágbére. Tẹlígíráàmù dé. Ìjàǹbá ọkọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di nǹkan bíi 1970, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn dúdú ló fi gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí ìlú bíi Chicago, Mississippi sì wà lára ibi tí wọ́n ti sá kúrò jù. Ẹni tó mọ ìtàn yẹn yóò mọ bó ṣe rí lára àwọn òǹwòran, pé ọkùnrin tó jìyà òkè kẹtàdínlógún di èrò ọ̀run ní ojú ọ̀nà gúúsù, ọjọ́ tí ọ̀nà là.

Ẹ wá padà sí abọ́ gíláàsì yẹn. Florida ń sunkún ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Esther Rolle tó gbé abọ́ náà mọ ohun mìíràn: bàbá tí òun jà fún kó tó gba iṣẹ́, wọ́n ti mú un kúrò, ilé tí òun kọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá kó òun sí ní 1976. Èmi kò lè wo ibẹ̀ kí n má rántí èyí.

Baálé kú, ilé dahoro ní tòótọ́. Kí sáà kẹrin tó parí, wọ́n ti fún Florida ní àfẹ́sọ́nà tuntun, Carl Dixon, ọkùnrin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, bẹ́ẹ̀ Florida kì í jẹun láìgbàdúrà. Rolle náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní Florida àti Carl ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ti kó lọ sí Arizona. Nínú sáà karùn-ún, 1977 sí 1978, kò sí ìyá, kò sí bàbá, Willona, aládùúgbò wọn, ló ń bójú tó gbogbo ilé. Wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan wọlé, Penny, tí ìyá rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù jó lára, Willona sì gbà á tọ́. Tí ojú ọmọ náà bá jọ yín lójú, Janet Jackson ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ṣe é dáadáa, ẹ̀dùn inú apá yẹn sì lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ń lọ.

Àwọn ọ̀gá bẹ Rolle kó padà. Ó padà ní 1978, ó sì gbé ohun tó fẹ́ kalẹ̀: owó tó gbé pẹ́ẹ́lí sí i, kí wọ́n sọ J.J. di ọmọ tó níláárí, kí Carl sì lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí Florida tó wọlé láti Arizona bí ẹni tó lọ sọ́jà, tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bi í pé ọkọ rẹ̀ dà. Kì í ṣe pé ẹ sùn lọ, kò sí apá kan tó fò yín. Àjọsọ ló wà pé kí Carl kúrò nínú ìtàn. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nígbà yẹn. Apá tó gbẹ̀yìn, ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1979 ló jáde: orúnkún ọkọ Thelma, agbábọ́ọ̀lù tó ti fara pa, yá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá gbà á, J.J. ta ìwé àwòrẹ́rìn-ín rẹ̀, gbogbo ilé jáde kúrò ní 17C. Oore tí wọ́n fi sáà mẹ́fà dù wọ́n, ìdajì wákàtí kan ni wọ́n fi dà á lé wọn lórí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa àwòrán tí J.J. ń yà. Ernie Barnes, agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó di ayàwòrán, ló ya wọ́n gan-an. Èyí tí wọ́n máa ń fi hàn ní ìparí eré, ti àwọn ènìyàn tó ń jó nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú apá gígùn àti ojú dídì, The Sugar Shack ló ń jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 2022, wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo ní New York, wọ́n fojú bù ú pé kò ní ju 200,000 dọ́là lọ. Ó tà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là àti lé.

Amos náà kò kú sínú ìbànújẹ́. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìsìnkú James, ní oṣù Kìíní 1977, ó hàn nínú Roots, eré tẹlifíṣọ̀n lórí òwò ẹrú, òun ni Kunta Kinte nígbà tó dàgbà, ọmọ Gambia tí wọ́n gé apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ó ń sá lọ. Òun àti Lear parí ìjà wọn. Ní 1994, Lear ṣe eré tuntun kan, 704 Hauser, ó wà nínú ilé tí Archie Bunker ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti gbé rí, ó sì fi John Amos ṣe baálé ilé náà.

Ní oṣù Kejìlá 2019, wọ́n tún apá kan nínú Good Times ṣe níwájú òǹwòran lórí tẹlifíṣọ̀n ABC. Lear wà níbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Viola Davis ṣe Florida, Andre Braugher ṣe James. Nínú ìtàn ọjọ́ yẹn, ìbò ń bọ̀, olóṣèlú àdúgbò kan sì ń bọ̀ wá wá ìbò ní 17C. John Amos ni wọ́n fi ṣe olóṣèlú náà, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé yẹn wọlé, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ó sì bọ James Evans lọ́wọ́.